Ṣé O Mọ̀? Ìyanu Omi Nínú Balùwẹ̀ Rẹ

Mo ti kó àwọn ìṣúra kan jọ, inú balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sì ti ṣà wọ́n. Má rẹ́rìn-ín! Ibẹ̀ ni omi ilé ti ń sá lọ jù, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ kan ṣoṣo ti lè dá a dúró. Ó yá, fìdí lélẹ̀, jẹ́ kí n máa yọ wọ́n hàn ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́nu ẹ̀rọ

• Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ omi tó ń kán ẹ̀kán kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan á ti kán ní ìgbà 86,400 kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́? Ìwọ ń sùn, òun ò sùn.

• O rò pé ẹ̀kán omi ò jẹ́ nǹkan? Àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀, wọ́n ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fi omi tó ju 11,000 lítà ṣòfò lọ́dún kan. Ó ju kẹ́ẹ̀gì ogún lítà 550 lọ!

• Èyí tó tún yani lẹ́nu ni ẹni tó jẹ̀bi: lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà pẹlẹbẹ kékeré kan ni, tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní wáṣà. Pààrọ̀ rẹ̀, ẹjọ́ parí.

• Àbí o ò gbà pé ẹ̀rọ tìrẹ ń jò? Gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́ òní, kí o lọ wò ó láàárọ̀. Garawa kì í parọ́.

• Gbọ́ ti bàbá kan ní Mumbai, ní Íńdíà! Òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ni Aabid Surti, síbẹ̀ láti ọdún 2007 ló ti ń mú púlọ́ńbà kiri láti ilé dé ilé lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ tó ń jò ṣe fún àwọn èèyàn. Kọ́bọ̀ kan kì í gbà.

• Ìṣẹ́jú méjì ni àwọn dókítà eyín ní kí á máa fi fọ ẹnu. Tí ẹ̀rọ bá wà ní ṣíṣí ní gbogbo àsìkò yẹn, omi tó máa lọ á tó lítà 15. Tí o bá fi kọ́ọ̀pù bu omi, ìdajì lítà kò ní tán.

• Ó dáa, ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ: èèyàn márùn-ún nínú ilé, ìgbà méjì lójúmọ́, lítà 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lítà 150 ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì láìfọ eyín kankan!

• Ìwọ tí o ti pa pákò tì, ṣé o rántí pé orín ata tí àwọn àgbà ń rún láàárọ̀ kò béèrè ju omi kọ́ọ̀pù kékeré kan tí wọ́n ó fi ṣan ẹnu lọ? Wọ́n ń rún un láti ilé dé oko, kò sí ẹ̀rọ omi kankan nítòsí.

• Yọjú wo ẹnu ẹ̀rọ ìgbàlódé dáadáa: àwọ̀n kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń da afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ omi. Ọwọ́ rẹ ò ní mọ̀ pé omi ti dín kù, bẹ́ẹ̀ ó lè dín in kù ní ìdá 30 nínú 100.

• Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ní kí á fi ọṣẹ ra ọwọ́ kí ó tó mọ́ tónítóní. Ní gbogbo àsìkò yẹn, iṣẹ́ wo ni omi ń ṣe? Kò ṣe ọ̀kankan, pa ẹ̀rọ!

• Ẹ̀rọ ìfọwọ́ kan wà tí kò ní páìpù, tí kò sì lo iná: kẹ́ẹ̀gì kan, okùn kan, igi kan tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ìlú Sìmbábúè ni ó ti jáde, ó ti tàn káàkiri Áfíríkà, omi tó sì ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.

Garawa pàdé ṣáwà

• Ta ni yóò borí? Òfin Amẹ́ríkà ní kí ṣáwà tuntun má tú ju lítà 9.5 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò lábẹ́ rẹ̀. Lítà 76 nìyẹn. Garawa ìwẹ̀ tìrẹ kò gbà ju 20 lọ. Garawa ló borí!

• Jẹ́ kí n bi ọ́: ṣé wàá lè ru omi ìwẹ̀ yẹn? Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà ẹni tó lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti da kílò 76 sára. Ká ní odò la ti ń pọn ọ́n ni, ìwẹ̀ ì bá máa yá kíákíá.

• Omi ló yí àwọn ọmọ ogun ojú omi ká, síbẹ̀ ìwẹ̀ wọn nínú ọkọ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ! Rin ara, pa omi, fi ọṣẹ ra ara, ṣí omi, ṣan ara, jáde.

• O ò rí i? Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ni oní-garawa ti ń ṣe láti kékeré. Omi inú garawa kì í ṣàn lọ nígbà tí ọṣẹ bá ń hó lára kànrìnkàn.

• Ṣé o mọ̀ pé èèyàn lè wẹ̀ lójú òfuurufú? Ṣáwà wà nínú bàálù A380 ti Emirates fún àwọn tó san owó ìjókòó tó wọ́n jù, ṣùgbọ́n omi ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó tàbùà, omi táṣẹ́rẹ́!

• 50 lítà! Iye tí wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má kọjá lóòjọ́ nìyẹn ní Cape Town, South Africa, nígbà tí ọ̀dá mú ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018. Mímu wà níbẹ̀, sísè wà níbẹ̀, ìfọṣọ, ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀.

• Kí ló kan orin nínú ọ̀dá? Lọ́dún 2017, Kwesta, Mi Casa àti àwọn gbajúmọ̀ olórin mìíràn ní South Africa gé orin wọn kúrú sí ìṣẹ́jú méjì, kí orin àti ìwẹ̀ lè jọ parí.

• Ìwọ náà ńkọ́? Yan orin kúkúrú kan tí o fẹ́ràn, kí o máa kọ ọ́ bí o ti ń wẹ̀. Orin tán, omi tán.

• Ààrẹ kan ti bá ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwẹ̀ rí! Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Hugo Chávez ti Venezuela ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ìwẹ̀ í wẹ̀, ó sì bá àwọn tó ń fi ìdajì wákàtí kọrin lábẹ́ ṣáwà wí.

• Nọ́ńbà wo ló wà lẹ́nu àwọn ará Melbourne, ní Ọsirélíà, lọ́dún 2008? 155: iye lítà tí wọ́n rọ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kí ó má kọjá lóòjọ́, nígbà tí ọ̀dá wọn kò fẹ́ tán.

• Ní nǹkan bí ọdún 1810, ṣáwà kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lo omi kan náà lálòtúnlò: wọ́n á fi ọwọ́ fa omi tó ti kọjá lára padà sókè, á tún rọ̀ lé wọn lórí. Omi kò ṣòfò rárá!

• Ní Jàpáàn, odindi ìdílé lè lo omi ọpọ́n ìwẹ̀ kan ṣoṣo lálẹ́ kan, láìsí ìdọ̀tí. Ìta ọpọ́n ni kálukú ti ń fọ ara rẹ̀ mọ́ kí ó tó wọnú omi gbígbóná náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n tún lè fi omi ọ̀hún fọṣọ.

• Àwọn obìnrin Himba ní Namibia ń wẹ̀ láìfi omi kan ara! Èéfín ewé àti igi olóòórùn dídùn ni wọ́n fi ń fín ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á fi erùpẹ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá wàrà màlúù para.

• Ọ̀rẹ́ tó ń ṣọ̀lẹ àtiwẹ̀ ló bí ọjà kan! Ludwick Marishane, ọ̀dọ́mọkùnrin ará South Africa, gbọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi tíì ṣe nǹkan tí a ó kàn fi pa ara dípò ìwẹ̀. Ó ṣe é: DryBath, ìpara tí kò fẹ́ omi.

Omi àlùwàlá

• Fetí sí èyí: hádíìsì sọ pé omi múdù kan ni Ànábì Muhammad fi ń ṣe àlùwàlá. Múdù yẹn kò pé lítà kan. Nínú ìṣirò tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ó fi díẹ̀ ju ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan lọ!

• Ìwẹ̀ gbogbo ara ńkọ́? Múdù mẹ́rin sí márùn-ún péré ni hádíìsì kan náà sọ. Bí o bá kó márààrún jọ, kò pé lítà mẹ́rin.

• Bóyá ìdí nìyẹn tí kẹ́tùlù àlùwàlá fi kéré! Kún un lẹ́ẹ̀kan, o ti ní ju omi tí Ànábì lò lọ. Ṣí ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ gbaragada, láàárín ìṣẹ́jú kan péré lo ti lo ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀.

• Níbi tí omi kò bá sí rárá ńkọ́? Tàyámáàmù wà: erùpẹ̀ mímọ́ gba ipò omi, ìrun kò sì dúró.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀mumi ilé

• Kí ló ń mu omi jù nínú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà? Kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 30 nínú 100.

• Wo èyí ná: ìtọ̀ àgbàlagbà kan lóòjọ́ sábà máa ń wà láàárín lítà kan sí méjì. Tí ó bá tẹ omi lítà mẹ́fà sí i ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, lítà 30 omi mímọ́ ló fi lé e lọ!

• Ẹ wo ọ̀fun! Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ń gbé lítà 13 mì lẹ́ẹ̀kan, òmíràn ju 20 lọ. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 fi tuntun sí lítà 6, àwọn tó já fáfá lónìí kò sì ju 4.8 lọ.

• Bọ́tìnì méjì tó wà lórí táńkì, kékeré fún ìtọ̀, ńlá fún ìgbẹ́, ará Ọsirélíà ló sọ ọ́ di ohun tó ṣeé lò: Bruce Thompson, lọ́dún 1980. Ìwọ ńkọ́, ṣé èyí tó yẹ lo ń tẹ̀?

• 4,380! Lítà omi tí ilé kan lè fi pamọ́ lọ́dún nìyẹn, tí ẹnì kan níbẹ̀ bá ń tọ̀ síbi tó ti ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Àjọ SOS Mata Atlântica ní Brazil ló polongo rẹ̀ ní 2009, wọ́n sì polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láìtijú.

• Má tíì ṣe hàà! Ní 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì East Anglia ní Britain bẹ àwọn ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Tí gbogbo wọn bá gbà, wọ́n ní omi tí yóò ṣẹ́ kù lọ́dún á kún adágún ìlúwẹ̀ẹ́ Òlíńpíìkì ní ìgbà 26.

• Ta ló kọ́kọ́ kọ ìwé nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? John Harington ni, ní 1596, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́ ìyá-ìsàmì rẹ̀.

• Ọdún 179 kọjá kí ẹlòmíràn tó gba ìwé-ẹ̀rí lórí irú rẹ̀! Alexander Cumming ni, ní 1775, páìpù rẹ̀ sì tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ nísàlẹ̀.

• Omi tó jókòó sínú ibi tó tẹ̀ yẹn kéré gan-an, òun sì ni kò jẹ́ kí òórùn padà wọlé bá ọ títí dòní. Omi díẹ̀ tó wà níbi tó yẹ ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń ya lọ kò ṣe nǹkan kan.

• Àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tilẹ̀ pa omi tì pátápátá! Henry Moule gba ìwé-ẹ̀rí ní 1860 lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí erùpẹ̀ gbígbẹ ń bo gbogbo ohun tó bá wọ inú rẹ̀.

• Lítà kan àbọ̀ sí méjì péré! Ohun tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníhò méjì tí Bindeshwar Pathak tàn kálẹ̀ ní Íńdíà ń fẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn ló gba Ẹ̀bùn Omi ti Stockholm fún un ní 2009.

• Ó tún ṣe ohun mìíràn tí o ò ní gbà gbọ́: ẹgbẹ́ rẹ̀, Sulabh, ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní Delhi tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá wò ó láti òkè òkun.

• Omi òkun ni nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àwọn ará Hong Kong fi ń ṣan ìgbọ̀nsẹ̀ lọ! Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi omi mímu sílẹ̀ fún ẹnu.

• Ní Jàpáàn, wọ́n gbé ibi ìfọwọ́ lé orí táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi tí o fi fọ ọwọ́ á ṣàn wọ táńkì, òun kan náà lo máa tẹ̀ nígbà mìíràn. Omi kan, iṣẹ́ méjì.

• Ariwo gbuu tó ń já èèyàn láyà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù, ṣé o mọ ohun tó ń fà á? Afẹ́fẹ́ ló ń fa gbogbo ẹ̀ lọ, kì í ṣe omi. Omi tó ń lò lẹ́ẹ̀kan kò pé lítà kan.

• Búlù tí o fi ń fọ aṣọ funfun lè di ọlọ́pàá! Pò ó díẹ̀ sínú táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí o má sì fọwọ́ kan bọ́tìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí o bá rí búlù nínú àwo, táńkì rẹ ti ń jò ní bòńkẹ́lẹ́.

• Ike omi òfìfo kan lè gba omi là fún ọ. Rọ omi kún ike lítà kan àbọ̀, dé e pinpin, kí o rì í sínú táńkì àtijọ́ tó tóbi: gbogbo ìgbà tí o bá tẹ omi, lítà kan àbọ̀ á dúró sílé.

• Ṣùgbọ́n má lo bíríkì o! Bíríkì ń rún sínú omi, ìyẹ́rìyẹ́rì rẹ̀ sì lè ba rọ́bà inú táńkì jẹ́. Nígbà náà, jíjò á wá gba ohun tí o fi pamọ́.

• Òwú etí, tíṣù ojú, irun tó já sórí kóòmù: ta ló ní kí o fi lítà mẹ́fà omi sin wọ́n? Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kì í mu omi.

• Oníṣòwò ará Singapore kan, Jack Sim, dá ẹgbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àgbáyé sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2001, ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ náà sì bá ti àjọ ìṣòwò àgbáyé mu: WTO! Ní 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ọjọ́ yẹn di Ọjọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀.

• Àwo orin kan ṣoṣo, ìgbẹ́ lójú kan, omi lójú kejì! Expensive Shit ni, tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé jáde ní 1975. Water No Get Enemy ló wà lójú kejì rẹ̀.

Nínú agboolé wa

• Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa ti ń gba omi sílé kí páìpù tó dé? Àgbàlá ni òrùlé agboolé àtijọ́ dà sí. Bí òjò bá ti rọ̀, inú ìkòkò ńlá tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni omi ń bọ́ sí.

• Mìlímítà òjò kan lórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, lítà omi kan géérégé ni. Kò lé, kò dín!

• Wá gbọ́ ibi tó ń lọ: òrùlé mítà 10 sí 10, níbi tí òjò ọdún kan ti tó mìlímítà 1,200, lítà 120,000 ló ń bọ́ lé e lórí. Kẹ́ẹ̀gì ogún lítà 6,000 nìyẹn, bí ìdajì rẹ̀ tilẹ̀ sọnù, ta ló tún ń ra omi ìfọlé ìgbọ̀nsẹ̀?

• Ta ló gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn balùwẹ̀? Ìyá àgbà ni, ó sì mọ ohun tó ń ṣe: omi tó wẹ ọmọ náà ló bọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọ máa jẹ.

• Omi tí o fi ṣan aṣọ kẹ́yìn kò tíì parí iṣẹ́! Da á sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wàà, yóò gbá gbogbo ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé o tẹ bọ́tìnì.

• Ẹ̀rọ amúlétutù náà ń pọnmi fún ọ! Nínú ọ̀rinrin Èkó, páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ ń kán ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Gbé garawa síbẹ̀. Kò ṣeé mu, ṣùgbọ́n ó dára púpọ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

• O ní omi bóhòòlù kì í ṣe owó? Ẹ̀rọ tó fà á gun orí táńkì jẹ iná tàbí ó mu epo; gbogbo lítà tó bá ṣòfò, owó iná ló bá a lọ.

• Ilé kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí omi sọ lórúkọ! Water House ni, ní òpópónà Kákáwá, ilé ìdílé da Rocha tó ti Brazil dé. Omi kànga tó wà níbẹ̀ ni ará ìlú ń rà láyé àtijọ́. Ẹni tó fowó ra omi kì í dà á nù.

• Ilé yẹn kan náà tún sọdá òkun padà: Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ọmọ Brazil, gbé ìtàn àròsọ tó fi orúkọ ilé náà pè jáde ní 1969.

• Ọdún kan náà tí Cape Town ń ka lítà, 2018, ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó, ní oṣù kọkànlá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó jìnnà sí wa.

Omi tó ń padà bọ̀

• Ìtọ̀ àná ni omi òní! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé nínú ibùdó tó ń yí ayé po lójú sánmà, níbi tí NASA kéde ní 2023 pé ìdá 98 nínú 100 omi àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ti ń padà di mímu, tó fi mọ́ òógùn ara wọn.

• Kí nìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀? Gálọ́ọ̀nù omi kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn nílò lóòjọ́, síbẹ̀ kò sí alágbàrù tó lè gbé kẹ́ẹ̀gì dé ibẹ̀.

• Ìlú wo ló kọ́kọ́ sọ omi ìdọ̀tí ilé padà di omi mímu tààrà fún gbogbo ará ìlú? Kì í ṣe London, kì í ṣe New York. Windhoek ni, olú-ìlú Namibia, láti ọdún 1968. Áfíríkà ló ṣíwájú!

• Bill Gates mu omi tó ti inú ìgbẹ́ jáde ní 2015, ó sì rẹ́rìn-ín sí i! Ẹ̀rọ tó yọ omi náà ni wọ́n gbé lọ sí Dakar, ní Senegal, láti dán an wò.

• Ayé kún fún omi, àbí? Ìdá 97 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ oníyọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù sì ti di yìnyín. Ìṣẹ́kù táṣẹ́rẹ́ yẹn ni gbogbo wa ń bù mu, tí a ń bù wẹ̀, tí a sì ń tẹ̀ sí àwo ìgbọ̀nsẹ̀.

• Ṣé o mọ̀ pé omi ti di ẹ̀tọ́ rẹ? Ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2010 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé omi mímọ́ àti ìmọ́tótó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn.

Ẹ̀tọ́ yẹn kan ẹni tó wà ní òpin páìpù náà, tí omi kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nítorí pé ó ti tán lọ́nà. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́: lọ wo ẹ̀rọ tó ń kán lónìí, pe púlọ́ńbà bí ó bá jẹ́ wáṣà, fi kọ́ọ̀pù lé ọmọ rẹ lọ́wọ́ nígbà tó bá ń fọ ẹnu, kí o sì pa omi nígbà tí ọṣẹ bá wà lára. Kò sí èyí tó ń ná ẹ ní owó ńlá nínú wọn, omi tí o bá sì fi sílẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn ló máa rí i bù.